Ìlulẹ̀ wá wúrà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: bí a ṣe ń ṣètò rẹ̀ ní ilẹ̀ jíjìn

Ní ilẹ̀ Yàgbà ní ìpínlẹ̀ Kogí, níbi tí àpáta ṣísìtì ti na gbọọrọ láti Ẹ̀gbẹ̀ kọjá Ìsánlú, òjò sábà máa ń dá ní ìparí Ọ̀kìtóbà. Àkọ́rọ̀ sì lè já kí Máàṣì tó parí. Àárín méjèèjì kò ju nǹkan bí 20 ọ̀sẹ̀ lọ. Nínú 20 ọ̀sẹ̀ yìí la ó ti la ọ̀nà, lu ilẹ̀, kó sáńpù lọ sí láàbù, dúró de èsì, padà lọ lu ibi tí èsì tọ́ka sí, kí a sì dí gbogbo ihò kí ilẹ̀ tó rọ̀. Ọ̀pọ̀ ètò ló ń fi gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn lu ilẹ̀, tí èsì á wá dé lẹ́yìn tí ríìgì, ẹ̀rọ tó ń lu ilẹ̀, ti lọ. Ètò tí a kọ síhìn-ín wà láti dènà ìyẹn.

Ó wà fún ẹgbẹ́ tàbí iléeṣẹ́ kékeré tó ti ṣe iṣẹ́ orí ilẹ̀ tán: tí wọ́n ti bu yẹ̀pẹ̀ ní mítà 50 sí 50 lórí ìlà tó fi 200 mítà jìnnà síra, tí wọ́n ti gbẹ́ kòtò gbọọrọ síbi tí wúrà ti yọjú, tí wọ́n sì ti fojú rí iṣan òkúta funfun tó gbé wúrà náà. Bí ẹ kò bá tíì dé ibẹ̀, ẹ má tíì pe ríìgì. Owó ihò kan ṣoṣo á gbẹ́ kòtò púpọ̀.

Àpẹẹrẹ tí a ó máa lò ni 3,000 mítà ti RC àti 800 mítà ti dáyámọ́ńdì. RC ni ẹ̀rọ tó ń fi òòlù afẹ́fẹ́ fọ́ òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀, tí afẹ́fẹ́ sì ń gbé e gba inú ọ̀pá onílé méjì gòkè. Dáyámọ́ńdì ní tirẹ̀ ń yọ ọ̀pá òkúta gbọọrọ jáde láìfọ́ ọ, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní kọ́ọ̀.

1. Ẹ ka ọjọ́ láti ẹ̀yìn wá

Ẹ mú kàlẹ́ńdà, kí ẹ fi ìlà pupa sórí 20 Máàṣì. Lọ́jọ́ yẹn, ríìgì ti gbọ́dọ̀ wà lórí títì ọlọ́dà. Láti ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa kà padà.

Ìpele kejì ti RC, ìyẹn lílu ibi tí èsì ìpele àkọ́kọ́ bá tọ́ka sí, gbọ́dọ̀ parí ní 10 Máàṣì kí ọjọ́ mẹ́wàá lè ṣẹ́kù fún dídí ihò. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1 Fẹ́búárì. Kó tó lè bẹ̀rẹ̀, èsì ìpele àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ti wà lórí tábìlì ní ìparí Jánúárì. Láàbù lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún, ọdún Kérésì sì wà láàárín, tí àwọn láàbù àti àwọn awakọ̀ máa ń tì. Ìyẹn ni pé sáńpù ìkẹyìn ti ìpele àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kúrò ní oko ní 20 Dìsẹ́ńbà. RC tó ń lu 80 sí 100 mítà lójúmọ́ yóò lu 1,800 mítà ti ìpele àkọ́kọ́ láàárín nǹkan bí 20 ọjọ́ iṣẹ́; ẹ fi ìdá márùn-ún ọjọ́ náà kún un fún ìbàjẹ́ ẹ̀rọ, ẹ rí i pé ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 20 Nòfẹ́ńbà. Lílà ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ ní 1 Nòfẹ́ńbà. Ìwé àdéhùn pẹ̀lú ẹni tó ni ríìgì, kí Ógọ́ọ̀sì tó parí ni kí ẹ ti fọwọ́ sí i, nítorí gbogbo àwọn awakùsà ló ń wá ríìgì kan náà fún oṣù kan náà.

Ẹ má ṣe kó sáńpù jọ títí ìpele á fi parí. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa fi wọ́n ránṣẹ́. Èyí tó bá kúrò ní ìparí Nòfẹ́ńbà lè dé padà ní ìbẹ̀rẹ̀ Jánúárì, òun ni yóò sì sọ ibi tí ẹ̀rọ dáyámọ́ńdì máa kọ́kọ́ dúró sí ní 12 Jánúárì. Dáyámọ́ńdì kò yára: mítà 25 lójúmọ́ ni kí ẹ fi ṣírò. Fún 800 mítà, ọjọ́ iṣẹ́ 32 nìyẹn, kí ẹ fi mẹ́fà kún un.

Láàárín Kérésì sí ìparí Jánúárì, RC kò ní iṣẹ́ púpọ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìsinmi ọ̀sẹ̀ márùn-ún wà láàárín, kí ẹ sì dá iye tí ẹ ó san fún ọjọ́ ìdúró kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá kọ ọ́ ṣáájú ni yóò san iye ọjọ́ iṣẹ́ fún ẹ̀rọ tó dúró.

2. Ìwé àṣẹ àti àwọn tó ni ilẹ̀

Lábẹ́ òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ti 2007, ọ́fíìsì Mining Cadastre ní Àbújá ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìwákiri. Ilẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 200 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Ọdún mẹ́ta ni, a sì lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ọdún méjì-méjì. Ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta péré ló wà nínú ọdún mẹ́ta, bí ẹ bá sì fi ọ̀kan ṣòfò, ìdá mẹ́ta àkókò yín ti lọ.

Ìwé Àbújá kì í ṣí ọ̀nà oko. Ẹ lọ rí ọba, ẹ lọ rí baálẹ̀, kí ẹ sì lọ rí olóko fúnra rẹ̀, torí ẹni tó ni ilẹ̀ lè má jẹ́ ẹni tó ń dáko lórí rẹ̀. Ẹ bèèrè igbó tí a kì í wọ̀ àti ibojì, kí ẹ sàmì sí wọn lórí máàpù kí ẹ tó fi èèkàn kan sílẹ̀. Ẹ bá olóko ka irè rẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan, ẹ ya fọ́tò òun àti irè náà pọ̀, kí ẹ sì san owó kí katakata tó wọlé.

Kajú ni kí ẹ fọkàn sí jù. Kogí jẹ́ ọ̀kan lára ìpínlẹ̀ tí kajú pọ̀ sí jù ní Nàìjíríà. Nòfẹ́ńbà sí Jánúárì ló ń tanná, Fẹ́búárì sí Éépírì ni wọ́n ń ṣà á: àkókò tí ẹ ń lu ilẹ̀ gan-an nìyẹn. Igi kajú kan tí ẹ gé ní Jánúárì, ìkórè ọdún yẹn ti lọ, ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò sì gbà kí òmíràn tó so bíi rẹ̀. A lè sún ihò ní mítà 10 sẹ́yìn lórí ìlà rẹ̀, kí a sì mú un jìn díẹ̀ sí i. Àpáta tí ẹ ń wá kò ní sá lọ. Ẹ sún ihò, ẹ fi igi sílẹ̀.

Ẹ sọ òótọ́ nípa ohun tó wà nínú àpò sáńpù. Bí òkúta bá ní gíráàmù méjì wúrà nínú tọ́ọ̀nù kan, àpò 30 kìlò ní 0.06 gíráàmù péré. Ẹ ṣírò rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn ní ìpàdé, ní èdè wọn. Ìgbàgbọ́ pé wọ́n ń kó wúrà jáde lóru ló ń fa ìjà, òun ló sì ń pe olè.

3. Ibi tí ihò máa wà

Ní ìgbànú àpáta ṣísìtì yìí, bíi ti Ìléṣà ní Ọ̀ṣun tí ibi ìwakùsà Ṣẹ́gilọlá wà, ìlà àpáta sábà máa ń na láti gúúsù sí àríwá tàbí kó yà díẹ̀ sí ìlà oòrùn. Ihò gbọ́dọ̀ dábùú ìlà yẹn. Kòtò yín ni yóò sọ ibi tí iṣan dagun sí. Bí iṣan bá dagun sí ìwọ̀ oòrùn, apá ìwọ̀ oòrùn ni ríìgì máa dúró, kó sì kọjú sí ìlà oòrùn. Tí ẹ bá dúró ní òdìkejì, ihò á máa bá iṣan rìn nínú rẹ̀, iṣan mítà méjì á sì jọ mítà 20 lórí ìwé. Ìròyìn ayọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ba owó jẹ́ púpọ̀.

Ẹ lu ihò ní ìgùn 60 dígírì. Ihò 100 mítà á lọ síwájú ní mítà 50, á sì jìn ní mítà 87. Nítorí náà, ihò kejì lórí ìlà kan náà á dúró ní mítà 45 sí 50 lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, kí orí ọ̀kan lè bá ìsàlẹ̀ èkejì pàdé láìsí àlàfo. Ìlà kọ̀ọ̀kan á fi 100 mítà jìnnà síra. Ìlà mẹ́sàn-án, ihò méjì-méjì, 1,800 mítà: ìpele àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ẹ rìn gbogbo ilẹ̀ náà, kí ẹ sì gba GPS gbogbo kòtò tí àwọn awakùsà alágbára ọwọ́ ti gbẹ́, títí kan àwọn tó ti dí. Wọn kì í wa ìsàlẹ̀ lọ tààrà nìkan, wọ́n máa ń tẹ̀lé iṣan lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ihò bá já sínú ọ̀nà abẹ́lẹ̀ wọn, afẹ́fẹ́ á sá lọ, sáńpù kò ní gòkè mọ́, ilẹ̀ sì lè lanu lábẹ́ ríìgì tó wúwo tó 20 tọ́ọ̀nù. Ó kéré tán, 20 mítà ni kí àyè ríìgì fi jìnnà sí kòtò tí a rí. Àwọn awakùsà yìí mọ iṣan ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ bèèrè.

Nígbà tí ẹ bá ń to ríìgì sójú ìlà, èèkàn méjì ni kí ẹ fi síwájú àti sẹ́yìn. Ẹ má wo kọ́ńpáàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, torí irin ń fa abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ẹ dúró ní mítà 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

4. Ẹ̀rọ àti àdéhùn

Ilẹ̀ jíjẹrà máa ń jìn tó mítà 20 sí 40 kí òkúta líle tó bẹ̀rẹ̀. RC tó ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀ 350 psi (agbára tó fi ń ti afẹ́fẹ́) àti nǹkan bí 1,000 cfm (iye afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde ní ìṣẹ́jú kan) á lu 100 mítà níbẹ̀ dáadáa. Tí omi abẹ́lẹ̀ bá pọ̀, ó lè nílò búsítà, ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún afẹ́fẹ́ náà. Dáyámọ́ńdì á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú HQ (kọ́ọ̀ rẹ̀ fẹ̀ ní 63.5 mìlímítà) nínú ilẹ̀ jíjẹrà, á sì bọ́ sí NQ (47.6 mìlímítà) nígbà tó bá kan òkúta líle.

Kí ríìgì tó kúrò ní ìlú, ẹ lọ wò ó, kí ẹ ka ohun tó wà nínú àpótí rẹ̀: òòlù mẹ́ta, eyín 12 (irin ẹnu òòlù tó ń jẹ òkúta), ọ̀pá inú méjì tó ṣẹ́kù pẹ̀lú rọ́bà ìdè wọn, okùn epo háídírọ́líìkì ní ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, àti fílítà afẹ́fẹ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó pọ̀. Rọ́bà kékeré tó bàjẹ́ ń jẹ́ kí sáńpù jò láàárín ọ̀pá méjì; ẹ kò ní rí i pẹ̀lú ojú, ìwọ̀n àpò nìkan ló máa sọ ọ́. Ọyẹ́ ní tirẹ̀ kò mọ ẹ̀rọ tuntun: ní Dìsẹ́ńbà àti Jánúárì, eruku á dí fílítà láàárín ọjọ́ méjì, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á gbóná, á sì kú. Alaalẹ́ ni kí wọ́n máa fẹ́ ẹ.

Mítà ni wọ́n fi ń sanwó fún ọ̀gá ríìgì, nítorí náà ó máa ń fẹ́ sáré. Ẹ fi èyí sínú àdéhùn: a kò ní sanwó fún mítà kọ́ọ̀ tí a bá rí kéré sí 90 nínú 100 gbà jáde nínú òkúta líle, àyàfi bí onímọ̀ ilẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Ẹ kọ ẹni tó ń ra dísù, ẹni tó ni ọ̀pá tó bá há sínú ihò, àti iye wákàtí ìdúró tí kò ní sanwó lóṣù.

5. Omi, dísù, ọ̀nà

Ìgbà tí ọ̀nà bá dára ni omi máa ń tán. Dáyámọ́ńdì kan lè mu 15,000 sí 20,000 lítà lójúmọ́ bí omi rẹ̀ bá ń padà sí kòtò kó lè tún un lò. Bí ilẹ̀ bá ń gbé omi mì, ó lè di ìlọ́po méjì. Odò tí ẹ rí ní Nòfẹ́ńbà lè ti di iyanrìn ní ìparí Jánúárì. Ẹ ní RC lọ́wọ́, ẹ lo òun fúnra rẹ̀ láti lu kànga méjì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kànga tó ń mú lítà kan wá ní ìṣẹ́jú àáyá kan á fún yín ní 36,000 lítà láàárín wákàtí mẹ́wàá. Ẹ fà á fún wákàtí mẹ́rìnlélógún kí ẹ tó gbára lé e. Ẹ má fọwọ́ kan kànga abúlé láé. Àwọn darandaran náà á ti sọ̀ kalẹ̀ wá nígbà yẹn pẹ̀lú màlúù wọn. Bí ẹ bá ṣe ọpọ́n omi kan fún wọn ní ìsàlẹ̀ kànga yín, ẹ ti yẹ ìjà sílẹ̀.

Ìṣirò dísù ìpele àkọ́kọ́: RC àti kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ á mu nǹkan bí 1,100 lítà lójúmọ́, ọjọ́ 20 jẹ́ 22,000. Jẹnẹrétọ̀ àgọ́, 80 lítà fún ọjọ́ 30, jẹ́ 2,400. Ọkọ̀, 100 lítà fún ọjọ́ 30, jẹ́ 3,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 27,400, tí ọkọ̀ tánkà onílítà 33,000 kan á gbé tán. Ẹ yí táǹkì ká pẹ̀lú ògiri tó lè gba 110 nínú 100 ohun tó wà nínú rẹ̀ bó bá dà. Ẹ jẹ́ kí dísù fìdí balẹ̀ fún ọjọ́ kan kí ẹ tó fà á, kí ẹnu páìpù wà ní sẹ̀ǹtímítà 20 sókè ìsàlẹ̀ táǹkì, torí omi àti ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀, àwọn ló sì ń pa pọ́ǹpù.

Ọ̀nà mítà mẹ́rin ti tó. Kí ọkọ̀ akẹ́rù tó ru iyanrìn gbà á kọjá lẹ́ẹ̀mejì kí ríìgì tó wọ̀ ọ́. Kí katakata kó ilẹ̀ dúdú orí sọ́tọ̀ ní àyè ríìgì kọ̀ọ̀kan, ẹ ó nílò rẹ̀ padà.

6. Àgọ́ àti ìlera

Ènìyàn 30, lítà 100 ní orí kọ̀ọ̀kan, 3,000 lítà omi mímọ́ lójúmọ́. Àwọ̀n ẹ̀fọn fún gbogbo ibùsùn, ohun àyẹ̀wò ibà àti oògùn ACT lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Starlink ti ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà láti 2023, nítorí náà kò sí ìdí fún àgọ́ tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì; síbẹ̀ fóònù sátẹ́láìtì kan gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ olórí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọkọ̀ máa gba ọ̀nà kan náà ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, kí ẹ má sì san owó òṣìṣẹ́ ní káàṣì nínú igbó.

Bàtà gígùn ni fún paramọ́lẹ̀ àti ọká. Oògùn oró ejò EchiTAb-Plus wà fún ejò ilẹ̀ wa. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí èyí tó sún mọ́ yín kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bèèrè bóyá ó wà nílẹ̀, kí ẹ sì fi ọkọ̀ dán ọ̀nà náà wò lóru kí ẹ mọ iye wákàtí tó gbà.

Iná igbó ń bọ̀ láti Dìsẹ́ńbà. Ẹ ro mítà 10 yí àgọ́, táǹkì dísù àti àtíbàbà kọ́ọ̀ ká nígbà tí koríko ṣì tutù. Àpótí kọ́ọ̀ oníike máa ń jó bí òróró.

7. Sáńpù

Gbogbo owó tí a ti ná títí dé ibí, nítorí àpò kékeré kan ni. Bí sáńpù bá bàjẹ́, ihò náà ti sọnù bó tilẹ̀ wà lórí máàpù.

Mítà kan, àpò kan. Ẹ wọn gbogbo àpò. Ihò tó fẹ̀ ní 140 mìlímítà yẹ kó fún yín ní nǹkan bí 40 kìlò nínú òkúta líle, àti nǹkan bí 27 nínú ilẹ̀ jíjẹrà. Bó bá jẹ́ 15, apá kan ti fẹ́ lọ tàbí ó ń jò. Bó bá jẹ́ 60, ògiri ihò ń wó wọlé, òkúta òkè sì ti dà pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀. Nínú méjèèjì, ẹ dá ríìgì dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de alẹ́. Lẹ́yìn mítà kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀gá ríìgì gbé eyín kúrò nílẹ̀ díẹ̀, kó fẹ́ afẹ́fẹ́ títí ohunkóhun kò fi ní jáde mọ́, kó tó tẹ̀ síwájú. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ni, òun ni kì í jẹ́ kí wúrà mítà 41 yọ ní mítà 45.

Asẹ́ ìpín tó ń mú ìdá kan nínú mẹ́jọ á sọ 40 kìlò di márùn-ún. Ẹ tún un pín sí méjì, 2.5 ló ń lọ sí láàbù. Ẹ fẹ́ asẹ́ náà mọ́ ní gbogbo ọ̀pá mítà mẹ́fà. Nínú amọ̀, ní gbogbo mítà. Ẹ má ṣe fi páìpù gún àpò láti mú sáńpù nítorí àtiyára. Wúrà wúwo ju òkúta funfun lọ ní ìlọ́po méje, ìsàlẹ̀ àpò ló ń lọ, ẹnu páìpù kì í sì í bù ú bó ṣe yẹ.

Ìdí kan náà ni a kì í fi gba sáńpù tó di ẹrẹ̀. Bí mítà mẹ́ta tẹ̀léra bá jáde ní tútù, ẹ dá ihò náà dúró, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé dáyámọ́ńdì ni yóò parí rẹ̀. Ọ̀gá ríìgì á sọ pé omi náà á gbẹ níwájú. Ẹ má gbà.

Nínú gbogbo nọ́ńbà sáńpù 20, mẹ́ta kì í ṣe sáńpù tuntun: ọ̀kan jẹ́ sáńpù olóṣùwọ̀n tí a ti mọ iye wúrà inú rẹ̀, ọ̀kan jẹ́ òkúta tí kò ní wúrà rárá, ọ̀kan jẹ́ ìbejì tí a pín láti inú àpò kan náà. Fún 3,000 mítà, nọ́ńbà 3,530 ni ẹ ó rán, nǹkan bí tọ́ọ̀nù mẹ́jọ. Ẹ ti wá ọkọ̀ rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Níbi tí ẹ bá ti fojú rí wúrà, òkúta aláìníwúrà ni kí ó tẹ̀lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ mọ̀ bóyá láàbù ń fọ ẹ̀rọ ìlọ̀ wọn. Bí sáńpù olóṣùwọ̀n kan bá jáde kúrò nínú ààlà rẹ̀, tàbí òkúta aláìníwúrà bá fi ju 0.05 gíráàmù hàn nínú tọ́ọ̀nù, kí láàbù tún gbogbo ìdì náà ṣe. Èsì tí kò tíì yege kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn olówó.

Wúrà ilẹ̀ yìí máa ń jẹ́ ẹyọ tí ojú lè rí nínú iṣan òkúta funfun. Ìbejì kan lè sọ pé 1 gíráàmù, èkejì 12, tí kò sì sí ẹni tó ṣe àṣìṣe. Àyẹ̀wò iná oní-50 gíráàmù ni fún gbogbo sáńpù. Lẹ́yìn náà, gbogbo èyí tó bá ju 1 gíráàmù lọ àti àwọn aládùúgbò rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n jọ kìlò kan lójú asẹ́ 106 máíkírọ́ọ̀nù, kí wọ́n yẹ gbogbo ẹyọ tó kù lórí asẹ́ wò.

Kọ́ọ̀: ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ní gbígbẹ àti ní tútù kí ẹ tó gé e. Ẹ fa ìlà kí ayùn lè pín iṣan sọgbọọgba, kí ẹ sì máa fi ẹ̀gbẹ́ kan náà ránṣẹ́ nígbà gbogbo. Sáńpù kò gbọdọ̀ gba orí ààlà iṣan kọjá. Kò gbọdọ̀ kéré sí 0.3 mítà, kò gbọdọ̀ ju 1.2 lọ. Àpótí NQ máa ń gba nǹkan bí mítà márùn-ún, ti HQ mẹ́rin. Fún 200 mítà HQ àti 600 NQ, 170 àpótí.

Ẹ wọn bí ihò ṣe ń yà ní gbogbo mítà 30 pẹ̀lú gyro, irinṣẹ́ ìwọn ìyà tí kì í lo máńgẹ́ẹ̀tì. Irinṣẹ́ tó ń lo máńgẹ́ẹ̀tì máa ń purọ́ nínú ọ̀pá irin. GPS ọwọ́ lè fi mítà mẹ́ta sí márùn-ún ṣìnà, nítorí náà ẹ mú onímọ̀ ìwọnlẹ̀ wá wọn gbogbo ẹnu ihò kí ẹ tó bò wọ́n.

Òṣìṣẹ́ tó wà nídìí asẹ́ gbọ́dọ̀ lo ìbomú gidi, kì í ṣe aṣọ. Eruku òkúta funfun ń pa ẹ̀dọ̀fóró díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ sì yẹ òjé wò nínú sáńpù láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ní Zamfara ní 2010, òjé inú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nínú ilé pa ọmọdé tó tó 400 ó kéré tán. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ aṣọ iṣẹ́ lọ sílé bá ọmọ rẹ̀.

8. Mítà 1,200 tí a fi pamọ́

Nínú 3,000 mítà RC, 1,200 kò gbọdọ̀ ní àyè lórí máàpù títí èsì á fi dé. Àwọn olówó á bèèrè ìdí. Ìdí ni pé èsì ló máa sọ ibi tó yẹ.

Bí ìlà méjì tó tẹ̀léra bá rí wúrà ní ipò kan náà, ẹ fi ìlà tuntun sáàárín wọn ní mítà 50, kí dáyámọ́ńdì sì lọ nísàlẹ̀ wọn ní mítà 40 sí 50. Bó bá jẹ́ ìlà kan ṣoṣo ló rí i, ihò kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti tó. Bí ihò kan bá pàdánù níbi tí kòtò ti fi wúrà hàn, ẹ kọ́kọ́ wo ìgùn àti ìyà rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé abẹ́ iṣan ló gbà kọjá. Bí ìlà mẹ́sàn-án kò bá sì rí nǹkan kan tó lágbára, ẹ dá a dúró. Ẹ dá ríìgì padà, ẹ fi 1,200 mítà náà pamọ́ de ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, kí ẹ sì fi kòtò wá ibòmíràn. Ìpinnu yìí le, pàápàá nígbà tí ríìgì wà lójú yín tí ọjọ́ ṣì kù.

9. Dídí ilẹ̀

Nígbà tí gyro bá ti jáde, ẹ gé páìpù ike ẹnu ihò ní sẹ̀ǹtímítà 40 sí 50 sísàlẹ̀ ilẹ̀, ẹ ki ìdérí onígóńgó bọ̀ ọ́, ẹ da sìmẹ́ǹtì lé e, ẹ fi ilẹ̀ bò ó, kí òpó kékeré tó ní nọ́ńbà ihò sì dúró lórí rẹ̀. Ihò tí a fi sílẹ̀ ní ṣíṣí ń gba ẹsẹ̀ màlúù, ó sì ń da omi ìdọ̀tí sínú omi abẹ́lẹ̀. Kòtò ẹrẹ̀ dáyámọ́ńdì gbọ́dọ̀ ti ní ọgbà láti ọjọ́ àkọ́kọ́ nítorí àwọn ọmọdé. Ẹ yọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò, kí ẹ kún un.

Àpò RC ńlá tó kù lórí pápá, oòrùn á ti gbẹ́ ọ̀rá wọn dé Éépírì, òjò á wá fọ́n gbogbo rẹ̀ káàkiri oko. Ẹ da òkúta inú wọn sínú kòtò, ẹ kó ọ̀rá lọ. Ẹ dá ilẹ̀ dúdú padà sójú àyè, kí olóko wá wò ó, kó fọwọ́ sí ìwé, kí ẹ ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Kọ́ọ̀ àti ìyẹ̀fun tó kù láti láàbù gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ òrùlé tí kì í jò, lórí pákó, kì í ṣe lórí ilẹ̀. Ní 20 Máàṣì, kí ọkọ̀ ìkẹyìn gba títì tó lọ sí Òmù-Àrán.